Màmá Júwe Ilé Wa fún Gbogbo Ayé

                                                  Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
                                                  Sùúrùlérè, Èkó.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Ìyá Àánú, ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìṣẹ́yìn? Bàbá Àánú ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti fúyẹ́? Àánúolúwapọ̀ ńkọ́, ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ ti jáde, àbí wọ́n ṣì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la? Ẹ kú òjò o. A gbọ́ pé ó pọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí. Ní tiwa, ara le, ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, Abọ́dúndé ọkọ mi ṣì ń tún fíríìjì ṣe ní Muṣin, ó ní kí n kí ọ. Bí mo bá sọ pé àlàáfíà la wà, irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n ìkíni ló yẹ kó ṣáájú ẹkún, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí ọ.

Mo mọ̀ pé bí awakọ̀ bá fa àpò ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, àyà rẹ á kọ́kọ́ já. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú. Fóònù ló sú mi. Mo ti yọ síìmù tí o mọ̀ mọ́ mi, mo jù ú sínú ife kan nílé ìdáná, kó máa sùn níbẹ̀. Bí o bá sì wo òkè lẹ́tà yìí, wàá rí i pé n kò kọ nọ́ńbà ilé, n kò sì kọ orúkọ òpópónà. Tíṣà tó kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ nílé ìwé ì bá ti fi rúlà gbá mi níka. Kó máa bínú. Ìwọ mọ ilé wa, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kò ní í ti ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Wá àga, kí o jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ọ̀rọ̀ Ayọ̀mípọ̀sí ni. O rántí pé láti kékeré lo ti máa ń pè é ní lọ́yà nítorí ẹnu rẹ̀. Ó ti di ọmọge báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nílé ìwé gíga kan ní Yábàá, ẹnu náà ò sì kéré sí i.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní ìkángun àdúgbò wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbádé ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ kò gbé ibẹ̀, ayálégbé ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ilé náà ti gbó. Lọ́dún yìí ni Gbádé kó bíríkìlà wá pé kí wọ́n gbé àjà mìíràn lé e lórí, nígbà tí ògiri ìsàlẹ̀ ti ń lanu. Glory tó ń ṣe irun níwájú ilé náà, tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, mú mi wọlé lọ wò ó. Mo ti ọwọ́ bọ inú ògiri náà títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ti sọ fún Gbádé, Gbádé ní ọ̀dà lásán ló ń bó. Àwọn ayálégbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa bọ̀. Bíríkìlà ń po sìmẹ́ǹtì lójoojúmọ́, àwọn ọmọ Glory sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ayọ̀mípọ̀sí bá kó fọ́tò ògiri náà, tìta tinú, ó gbé e sórí Fesibúùkù. Ó kọ orúkọ àdúgbò, ó kọ orúkọ Gbádé, ó ní òun ló ni ilé, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá wọn bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró kí ilé tó wó pa èèyàn. Mo kà á látòkè délẹ̀. Kò sí èébú kan níbẹ̀. Ká ní èmi ni mo kọ ọ́, èébú ì bá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn pín in kiri, ojú ti Gbádé, ó ní kí àwọn bíríkìlà ṣì kẹ́rù wọn lọ ná. Mo rò pé ó ti parí. Inú mi dùn sí ọmọ mi débi pé mo ń yan kiri inú ọjà.

Kò parí rárá. Gbádé ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Teslim, aláwàdà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, èrò tó ń tẹ̀ lé e kò sì lóǹkà. Òun náà ká fídíò tirẹ̀. Ó ní, “Ta tiẹ̀ ni girl yìí? Ọmọ ta ni? Ó fẹ́ ba uncle mi lórúkọ jẹ́. Guys, ẹni tó bá mọ ilé wọn, ẹ júwe ẹ̀ fún mi, ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn.” O mọ irú kíkí tó ń wí. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ bú Ayọ̀mípọ̀sí tẹ́rùn. Wọ́n ní ọmọ àlè ni, wọ́n ní kò nílé, kò lọ́nà. Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ibi tó ń gbé. Àbọ̀ orúkọ ló ń lò níbẹ̀, fọ́tò òdòdó ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ó ní ká dákẹ́, pé bí wọn kò bá rí ẹni dá wọn lóhùn, wọ́n á wá ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán síbẹ̀ ká ní Màmá kò sí nílé.

Ìyá ọkọ mi ni mo ń wí. Láti ìgbà tí ojú ti ń dùn ún ló ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Abọ́dúndé ra fóònù ńlá fún un kó máa fi gbọ́ ìwàásù, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká fídíò, kó lè máa fi kí àwọn àbúrò rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò kan tí kò níṣẹ́ ló gbé fídíò Teslim sí Màmá létí. Gbogbo èébú inú rẹ̀ kò dùn ún tó ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, pé ọmọ ta ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá bi pé ọmọ ta ni, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì dákẹ́, wọ́n ti gbà pé kò lẹ́nìkan láyé nìyẹn. Torí náà ó wé gèlè, ó gbé fóònù ti ìgò oyin, ó jókòó sí pálọ̀ wa, ó dá wọn lóhùn.

“Ẹ ní ọmọ ta ni? Ọmọ wa ni! Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ Abọ́dúndé, kì í ṣe ọmọ àlè!” Ó kì í, ó kì í dé orí baba ńlá wọn. Ó dárúkọ agboolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì la ọ̀nà rẹ̀ láti ọjà dé ẹnu ọ̀nà. “Ìyá rẹ̀ ń ta síìpù àti bọ́tìnnì ní Tejúoṣó. Ẹ béèrè Ìyá Ayọ̀ onísíìpù, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Ilé wa nìyí, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó!” Ó ka nọ́ńbà ilé, ó júwe géètì, ó júwe igi máńgòrò. “Aago méje àárọ̀ lọmọ náà ń jáde lọ sílé ìwé. A kì í sá fún èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá bí dáa kó wá sọ ọ́ lójú mi!” Níparí, bó ṣe máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù orí rédíò, ó ka nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ àti tèmi, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tí kò tíì rí bírò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò Màmá ti ká gbogbo ayé. Teslim kò tiẹ̀ níṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, ó kàn gbé e sórí tirẹ̀, ó ní, “Thank you, Grandma.”

Fóònù mi kò sinmi láti ìgbà náà títí mo fi yọ síìmù. Ẹni tí n kò mọ̀ rí á pè mí, á bú ìyá tó bí mi, á wá ní kí n kú alẹ́. Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú ráìsì tí ẹnikẹ́ni wa kò rà. Wọ́n ń bínú sí wa, àwa náà ń bínú sí wọn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣẹ ẹnìkejì. Ẹnìkan fi kéèkì ránṣẹ́, wọ́n kọ “Ẹ kú aráfẹ́rakù” sí i lára. Màmá fẹ́ bù ú jẹ, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tejúoṣó, wọ́n ń ká mi sínú fídíò bí mo ṣe ń wá síìpù fún oníbàárà. Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ní aago méje tí Màmá sọ fún wọn gan-an, àwọn ọkùnrin kan wá dúró sí ẹnu géètì wa, wọ́n ń bi àwọn tó ń kọjá pé èwo ni Ayọ̀mípọ̀sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé inú ń run ún lọ́jọ́ náà, kò tíì jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Muṣin, mo fi ìborùn bò ó lórí, ọmọ tí mo bí, bí ẹni tó jalè.

Ta ni kí n wá bá wí? Ìyá ọkọ mi? Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, tí ọ̀rọ̀ ń yí mi lẹ́nu, tí mo ń gbé e mì. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí i kú iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó gbèjà ọmọ rẹ̀.

Èmi àti Abọ́dúndé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ wa bi mí pé, “Madam, ta ló tú àṣírí ilé yín?” Mo fi fídíò hàn án. Ó wò ó, ó tún un wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Na Mama do am o! Ṣé ẹ fẹ́ ká lọ mú Mama wá ni?” Mo ní àwọn tó wá dúró sẹ́nu géètì mi ńkọ́? Ó ní ṣé wọ́n lu ẹnikẹ́ni? Mo ní rárá. Ó ní ojú títì ni wọ́n dúró sí, ojú títì kì í ṣe ti bàbá ẹnì kan. Ibi tí inú ti ń bí mi lọ́wọ́ ló ti fa ìwé kan yọ. Gbádé ti ṣáájú wa débẹ̀. Ó kọ̀wé pé Ayọ̀mípọ̀sí gbé orúkọ òun àti fọ́tò ilé òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kò jẹ́ kí òun sinmi mọ́, pé òfin wà tó lòdì sí i. Wọ́n ní kí ọmọ náà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá Àánú, ṣé o gbọ́ mi? Àwọn tó ń dọdẹ ọmọ mi kò lẹ́bi. Ọmọ tó ní ògiri ń lanu ni wọ́n ń wá.

Abọ́dúndé, tí o máa ń pè ní ọkùnrin jẹ́jẹ́, wá di ẹlòmíràn. Ó ti tún fíríìjì ṣe nílé Gbádé rí, nílé tí Gbádé fúnra rẹ̀ ń gbé. Ó mọ ibẹ̀. Ó mọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó mọ ilé ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ó pe Ayọ̀mípọ̀sí ní Muṣin pé kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e síta, kí Gbádé náà tọ́ ọ wò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀mípọ̀sí ní, “Dádì, ìyàwó ẹ̀ kọ́ ló ń kọ́ ilé. Àwọn ọmọ ẹ̀ kọ́ ló po sìmẹ́ǹtì. Ògiri ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò sọ ibi tó ń sùn.” Bàbá rẹ̀ ní ṣé òun ló ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọmọ náà ní, “Ẹ máà bínú, sà,” ó sì pa fóònù. Inú bí mi sí i, nítorí pé òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà kò sì wúlò fún mi lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Mo ní bí ìjọba kò bá ní òfin tó lè gbà mí, èmi á ṣe tèmi. Mo fi ìbínú kọ ọ́ kalẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé orúkọ, ilé tàbí fọ́tò ẹlòmíràn láàdúgbò yìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ yóò fa onítọ̀hún lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo kà á ní ìpàdé. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Alàgbà Ọláṣùpọ̀, alága wa, ní ta ló fara mọ́ ọn. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ sókè ni Gbádé, tó ń wá sí ìpàdé gẹ́gẹ́ bí onílé. Mo rò pé Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kàn.

Gbádé dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ayọ̀. Òfin yìí dáa. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò ilé tèmi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ọmọ yín yọ ọ́ kúrò, kó tọrọ àforíjì níbi tó ti kọ ọ́. Màá jáwọ́ nínú ẹjọ́, Teslim náà á ní kí àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sinmi. Ó tán.”

Okùn tí mo fọwọ́ ara mi lọ́ ló gbé dání yẹn. Kí n má parọ́ fún ọ, mo fẹ́ gbà. Kí ló tún kù? Fọ́tò lásán ni. Kí ó yọ ọ́, kí ọmọ mi padà wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ó dáa nígbà tí Glory dìde lẹ́yìn. Ayálégbé kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí. Ó ní, “Chairman, abeg. If law say make nobody snap person house, the house wey me and my pikin dem dey sleep, na who get am? Na me snap the one wey dey inside room. No be Ayọ̀. If una wan carry person go police, make una carry me.”

Gbádé yíjú sí i, ó wò ó títí, gbogbo wa sì mọ ohun tí ìwò yẹn túmọ̀ sí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ló ti fún un níwèé pé kó kó jáde. Ọmọ mi ti fi í pa mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé Glory ló ya fọ́tò inú yàrá, àní lọ́wọ́ èmi pàápàá, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ síta lójú gbogbo wa.

Alàgbà Ọláṣùpọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, “Ìyá Ayọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé òfin yìí wá. Ẹ lọ tún un kọ. Ẹ kọ ọ́ kó gba ọmọ yín sílẹ̀, kó má sì di Glory lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá rí i kọ, a máa fọwọ́ sí i.”

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ló sọ, àbí? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ, tí mo ń ya á dànù. Bí mo bá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ilé ẹlòmíràn, báwo la ó ṣe sọ èyí tó fẹ́ wó? Bí mo bá ní ilé ẹni tó ṣe ibi nìkan ni kí wọ́n sọ, ta ni yóò sọ pé ibi ló ṣe? Lójú Teslim, ọmọ mi lẹni ibi. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ, ìkà wo ló ń fún èèyàn láṣẹ kó sọ̀rọ̀ òun? Ibi tí mo bá a dé ni pé ohun tí èèyàn bá ṣe fún ọmọnìkejì rẹ̀, kí wọ́n lè sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ibi tó ń fi orí lé, ọ̀nà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Mo kà á fún Abọ́dúndé. Ó ronú, ó ní tí ibi tó ń fi orí lé bá wá jẹ́ ilé tó fẹ́ wó náà ńkọ́? Díẹ̀ ló kù kí n sọ bírò mọ́ ọn. Mo ti bú àwọn aṣòfin Àbújá tó láyé mi, n kò sì tíì dẹ́kun, ṣùgbọ́n mo rí i pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa. Èyí tí ó rọrùn ni òfin tó máa pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ni mo kọ ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan.

Màmá ṣàkíyèsí pé ọmọ kò sùn sílé mọ́. A ti ń parọ́ fún un pé ìdánwò ló ń ṣe. Abọ́dúndé ló wá jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un. Màmá yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ náà. Ó ní, “Ṣé èmi ni mo lé ọmọ mi kúrò nílé?” Ó ní nígbà tiwọn, ọmọ tó bá sọnù lọ́jà, tó bá lè dárúkọ agboolé bàbá rẹ̀, wọ́n á mú un délé. Èyí tí kò bá mọ ilé rẹ̀ sọ ló ń ṣègbé. Ó ní òun rò pé bí òun bá ti júwe ilé tán, ẹ̀rù á ba àwọn ọ̀tá, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ náà lẹ́ni. Mo wá ìbínú tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọjọ́ yìí, n kò rí i mọ́. Ó wá ní kí n gbé fóònù òun wá, kí òun lè sọ fún wọn pé a ti kó kúrò níbẹ̀, kí òun sì sọ ibi tí a kó lọ. Mo fo dìde, mo gba fóònù náà, mo jókòó lé e.

Lánàá ni àbúrò mi pe Abọ́dúndé láti Muṣin. Ẹnìkan ti ya Ayọ̀mípọ̀sí ní fọ́tò níbi tó ti ń ra búrẹ́dì ní ìkóríta, wọ́n gbé e síta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti rí i. Muṣin kò ṣe é gbé mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá kò ṣe é sá lọ, Màmá ti la ọ̀nà ibẹ̀ fún wọn. Mo lọ bá ọmọ mi, mo sunkún, mo ní kó yọ fọ́tò ògiri yẹn, kí gbogbo wa sinmi. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní Glory kò tíì rí ilé kó lọ, àwọn bíríkìlà sì ti padà wá wọn igi. Ó ní bí òun bá yọ ọ́ lónìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. “Mọ́mì, ọjọ́ tí Glory bá kó jáde ni màá yọ ọ́. Ẹ máà bẹ̀ mí mọ́.” N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìdí lẹ́tà mi nìyí. Àwọn ilé ìwé wà nínú ìsinmi. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ kó wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. Ọkùnrin tó gbé lẹ́tà yìí wá ni yóò gbé e, fún un lésì lẹ́nu, má kọ ọ́. Kì í ṣe wàhálà, ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè máa bá Àánúolúwapọ̀ kàwé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, Ìyá Àánú. Àlejò kò lè wọ ilé rẹ kó jókòó tán kí o má tíì gbé fọ́tò rẹ̀ sí sítátọ́ọ̀sì, pé ẹ wá bá mi yọ̀, ọmọ mi láti Èkó dé. Jọ̀ọ́, fi fóònù sílẹ̀ nígbà tó bá dé. Má mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má baà ní kí àwọn àlejò dìde sọ ibi tí wọ́n ti wá.

Bá mi kí Bàbá Àánú, kí o sì bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Kí Àánúolúwapọ̀ fún mi, sọ fún un pé kó má pín ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màmá kí yín. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ń tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ó tíì yé e tán.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ yìí lórúkọ, ìwọ lo gbé e lọ́wọ́ tí àwọn àgbà ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń ké sí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n yà wá wò ó. Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Adùnọlá.